Ríwáyà Tó Kọ́kọ́ Wá Ẹ́ẹ̀tì: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Tí Wọ́n Ṣe Lórí Iná Ìjàpá Mi

Ọkọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé ni Volkswagen Beetle tí bàbá mi rà ní tuntun ní ọdún 1977, èyí tí gbogbo wa nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ sí Ìjàpá. Ọmọ Èkó ni. Ojú ọ̀nà Badagry, ní Ọ̀jọ́, ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọdún 1975, Volks sì ni wọ́n ṣì ń pe ibùdókọ̀ tó wà níbẹ̀ títí di òní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú, bátìrì rẹ̀ sá pamọ́ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, ohun gbogbo rẹ̀ ló dà bí àlọ́, iná rẹ̀ ló sì ṣòro túmọ̀ jù. Iṣẹ́ tí ríwáyà kan, ìyẹn oníṣẹ́ iná ọkọ̀, ní Ìbàdàn ṣe lórí iná yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, pẹ̀lú iye tí ó gbà lọ́wọ́ mi, ohun tí ó ṣe dáadáa àti ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ ju ọwọ́ tí òun ní lọ.

Ní oṣù Kọkànlá ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Iná iwájú apá òsì ló kọ́kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, tí ó ń pọ́n bí àtùpà tí epo rẹ̀ ti fẹ́ tán, nígbà tí ti apá ọ̀tún ń mọ́lẹ̀ kedere. Kò pẹ́ tí tẹ̀yìn náà fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Bí mo bá fi tíráfíkétọ̀ apá ọ̀tún sí i, iná bíréèkì apá òsì, tí n kò fọwọ́ kàn, tí ẹsẹ̀ mi kò sì sí lórí bíréèkì rárá, yóò máa ṣẹ́jú pẹ̀lú rẹ̀, pupa rẹ̀ á sì rí bàìbàì bí ẹyinná tí eérú ti ń bò. Awakọ̀ akérò kan ní Ìwó Road ló kọ́kọ́ yọrí jáde láti ojú fèrèsé, tí ó kígbe sí mi pé, “Dádì, ẹ̀yìn ọkọ̀ yín ń ṣe wèrè o!” Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó, mo rí i pé kò parọ́.

Ríwáyà tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò jìnnà sí ilé mi, ìtòsí yìí nìkan ni mo sì wò tí mo fi yàn án. Ó yọ gílóòbù iná iwájú òsì kúrò, ó ki ẹnu méjèèjì mítà tó fi ń wọn iná bọ inú ojú ibi tí gílóòbù náà ti jáde, mítà ka 12 fólìtì, ó sì yíjú sí mi pé, “Ẹ wò ó, ọ̀gá, iná ń bọ̀ dáadáa, gílóòbù yín ni kò dára mọ́.” Mo gbà á gbọ́, nítorí mo fojú ara mi rí 12 náà. Ó ta gílóòbù tuntun méjì fún mi, alágbára, 100 wáàtì ní fúùlù, 90 ní dímù, ó ní àwọn ni yóò lé òkùnkùn lọ. Ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́yìn tí mo gùn ún kúrò níbẹ̀, fiúùsì jó. Mo padà, ó fi òmíràn sí i, òmíràn náà jó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mú bébà fàdákà inú páálí sìgá, ó fi wé fiúùsì náà, ó ní kò ní jó mọ́. Lóòótọ́, kò jó mọ́. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó ni ẹ̀yìn súìṣì iná lára dáṣíbọ́ọ̀dù, tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́nà Òjóò, tí mo sì pa iná, tí mo fi tíráfíkétọ̀ nìkan wọ́ dé ilé. ₦45,000 ni mo ti san fún un nígbà yẹn.

Ìṣirò tó yẹ kí ẹni tó ta gílóòbù náà ṣe kò ju ti ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ: wáàtì ni a ó fi fólìtì pín, èsì rẹ̀ ni áńpù tí yóò gba inú wáyà kọjá. 100 tí a fi 12 pín ju áńpù 8 lọ, fiúùsì funfun tó wà fún iná iwájú nínú Ìjàpá sì jẹ́ ti áńpù 8 péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún iná kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tí fólìtì gòkè dé nǹkan bí 14, áńpù náà á tún gòkè sí i. Gílóòbù tí Ìjàpá gbé jáde láti ilé iṣẹ́ ní ìgbà ayé rẹ̀ jẹ́ ti 45 wáàtì ní fúùlù àti 40 ní dímù. Orí iná tó wà lára tèmi ti yí padà sí irú tó ń gba gílóòbù H4 láti ọjọ́ pípẹ́, ìyẹn 60 wáàtì ní fúùlù àti 55 ní dímù, àwọn wáyà àti súìṣì ìbílẹ̀ rẹ̀ sì ń fara da ìyẹn pẹ̀lú ìpọ́njú. Ẹni tó wá gbé 100 lé wọn lórí, tó sì fi bébà sìgá dí ẹnu fiúùsì tí ì bá kìlọ̀ fún wa, ilé mi ló fẹ́ kí n gbé ọkọ̀ náà lọ, kí n máa retí ìgbà tí yóò gbiná.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ní Peugeot 504 ló júwe ẹni tí mo ń kọ nípa rẹ̀ yìí fún mi. Apá Mọ́kọ́lá ló wà, kò ní ilé, kò ní pátákó. Igi dóńgóyárò kan, bẹ́ǹṣì kan, àpótí irinṣẹ́ kan àti ọmọṣẹ́ méjì ni gbogbo ohun ìní rẹ̀. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ni, tó dé fìlà, tó sì wọ awò tí wọ́n fi okùn so mọ́ ọrùn. Nígbà tí mo dé, kò ṣí ibì kankan lára ọkọ̀ náà. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ ra mádígáàdì ẹ̀yìn, ó sì bi mí pé, “Ọ̀gá mi, ìgbà wo lẹ fín in ní ọ̀dà?”

Mo ní, “Bàbá, oṣù Kẹwàá ni.”

“Ìgbà wo ni iná bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n?”

“Oṣù Kọkànlá.”

Ó mi orí, ó ní kí ọmọ rẹ̀ gbé sánpépà wá.

Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti dé ibi tó yẹ. Ẹni tó bá ti gun ọkọ̀ àtijọ́ fún ọdún púpọ̀ yóò mọ̀ pé nínú mọ́tò, wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé iná lọ bá gílóòbù, irin ara mọ́tò fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà padà sí bátìrì, ọ̀nà àbọ̀ yìí sì ni àwọn ríwáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Níbi iná ẹ̀yìn Ìjàpá, ìdí iná náà ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń gbà: láti ara irin tí gílóòbù jókòó lé, sínú bóòtù tó dì í mọ́ mádígáàdì, láti mádígáàdì sínú ara ọkọ̀. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà láàrin mádígáàdì àti ara ọkọ̀, tí kò fi í jẹ́ kí irin méjèèjì fẹnu kanra, nítorí náà àwọn bóòtù nìkan ni iná ní láti fi ṣe afárá. Nígbà tí àwọn pẹ́ńtà tú mádígáàdì ọkọ̀ mi sílẹ̀, tí wọ́n fín inú àti ìta rẹ̀ ní ọ̀dà dídán tó nípọn, tí wọ́n sì dì í padà, gbogbo afárá náà ni wọ́n wó. Ọkọ̀ ń dán, ẹ́ẹ̀tì kò sí. Wọn kò ṣe é tìkà-tìkà. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ṣe.

Bàbá náà ṣàlàyé ìdí tí iná bíréèkì òsì fi ń ṣẹ́jú fún mi lọ́nà tí n kò lè gbàgbé. Ó ní iná tó wọ inú gílóòbù tíráfíkétọ̀ ọ̀tún parí iṣẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ lọ sílé, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ó wá yà gba inú gílóòbù bíréèkì tó wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó gun wáyà bíréèkì padà sẹ́yìn, ó rìn dé apá òsì, ó gba inú gílóòbù bíréèkì tibẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti rí ilẹ̀ bọ́ sí, nítorí ẹ́ẹ̀tì apá òsì ṣì dára. Gílóòbù mẹ́ta wá ń pín fólìtì 12 mọ́ra wọn lọ́wọ́. Kí ni yóò mú kí èyíkéyìí nínú wọn mọ́lẹ̀ dáadáa? Láti fi hàn mí, ó mú wáyà gígùn kan, ó fi ẹnu kan mú nọ́ọ̀tì kan lára ẹ́ńjìnnì, ó fi ẹnu kejì kan ìdí iná ọ̀tún náà. Lójú ẹsẹ̀, tíráfíkétọ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀, bíréèkì òsì sì kú bí ìgbà tí a fẹnu fẹ́ àbẹ́là. Ó gbé wáyà kúrò, wèrè náà padà. Ó fi kàn án, wèrè náà lọ. Wáyà lásán ni o, kò ta nǹkan kan fún mi, ₦10,000 tó ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àrùn ọkọ̀ kò sì dùn mí mọ́ láti ìgbà náà lọ.

Iná iwájú ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí fara balẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ láàrin ríwáyà méjèèjì ti hàn gbangba. Bàbá náà kò yọ gílóòbù. Ó ní kí n tan iná, kí gílóòbù wà láàyè rẹ̀, kí ó máa jẹ iná rẹ̀ lọ. Ó gbé ìjókòó ẹ̀yìn kúrò, ó wọn bátìrì: 12.2 fólìtì pẹ̀lú iná ní títàn. Ó wá lọ sí iwájú, ó fi abẹ́rẹ́ mítà gún ẹ̀yìn ibi tí gílóòbù òsì ti so mọ́ wáyà, láti wáyà yẹ́lò sí wáyà búráùn: 9.4. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó na wáyà gígùn rẹ̀ láti ẹnu búburú bátìrì, ìyẹn négétíìfù, dé iwájú, ó fi ẹnu mítà kan kan án, ó fi èkejì kan wáyà búráùn náà. Mítà ka 2.2. Nǹkan tó yẹ kí ó jẹ́ òdo, tàbí kí ó súnmọ́ ọn, ló ń ka 2.2 yẹn. Ó tún fi ọwọ́ kan náà wọn láti ẹnu rere bátìrì dé wáyà yẹ́lò: 0.6. Ẹ ro ó pọ̀: fólìtì 2.2 ṣègbé lọ́nà àbọ̀, 0.6 ṣègbé lọ́nà àlọ, 9.4 tó kù ni gílóòbù rí jẹ. Kò sí àfọ̀ṣẹ nínú rẹ̀, kò sì sí “ó jọ bíi pé”. Mítà ti sọ apá ibi tí olè wà.

Ìdí tí 12 tí ríwáyà àkọ́kọ́ fi hàn mí fi jẹ́ 12 ẹ̀tàn ni pé mítà kò ń mu iná. Bí wáyà bá tilẹ̀ jẹrà tó ku fọ́nrán kan, bí ẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ ń fi eyín di ara ọkọ̀ mú, níwọ̀n ìgbà tí kò sí gílóòbù tó ń fa iná níbẹ̀, mítà á ka 12 pé. Ìgbà tí ẹrù bá dé orí ni a ń mọ ọrùn tó gbé e. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà olówó gọbọi kò lè ran ẹni tó yọ gílóòbù kó tó wọn iná lọ́wọ́. Ẹ sì má ṣe rò pé láti 12.2 sí 9.4 kéré: ìmọ́lẹ̀ kì í bá fólìtì rìn ní ọgbọọgba. Bí fólìtì bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín, ìmọ́lẹ̀ gílóòbù á fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Ìmọ́lẹ̀ tí iná òsì mi ń tàn nígbà yẹn kò tó ìlàjì èyí tó yẹ.

Ibi tí wáyà búráùn náà ti dì mọ́ ara ọkọ̀ nínú búùtù iwájú ni ó ti rí i. Wọ́n ti fín ọ̀dà bo etí rẹ̀, ìpẹtà sì ti wà lábẹ́ etí náà láti ìgbà tí ọ̀dà kò tíì dé. Ó tú u, ó fi sánpépà ha ara ọkọ̀ níbẹ̀ títí irin funfun fi yọ, ó ha etí wáyà náà, ó fi wásà eléyín sí i kí ó lè bù mọ́ irin, ó dì í le, ìgbà tó dì í tán ló tó fi gíríìsì bò ó kí omi má bàa padà wọlé. Ó tún wọn: 2.2 ti di 0.1. Ó ṣe irú iṣẹ́ kan náà sí bóòtù mádígáàdì ẹ̀yìn méjèèjì, ó sì fi wáyà búráùn tuntun kún un láti ìdí iná kọ̀ọ̀kan dé ara ọkọ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé ọjọ́ tí mo bá tún fín ọ̀dà ni a ó tún padà sẹ́nu rẹ̀.

0.6 tó kù ní ọ̀nà àlọ gba àkókò ju ìyẹn lọ. Àpótí fiúùsì Ìjàpá wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá sítíárì, fiúùsì méjìlá ló sì wà nínú rẹ̀, àwọn elórí ṣóńṣó bí ọta ìbọn, funfun fún áńpù 8, pupa fún 16. Ibi tí orí ṣóńṣó wọn ti wọnú irin tó dì wọ́n mú ni ìdọ̀tí funfun máa ń hù sí, ẹni tó mọ Ìjàpá sì mọ̀ pé nígbà mìíràn, kí a kàn fi ìka yí fiúùsì lójú ibẹ̀ ti tó láti jí iná tó kú. Bàbá náà yọ gbogbo wọn, ó ha ẹnu irin wọn, ó ju bébà sìgá nù, ó sì fi fiúùsì tuntun rọ́pò. Ẹ̀kọ́ kan wà níbí tí mo rí kọ́: nítorí pé iná iwájú òsì àti ọ̀tún ní fiúùsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ọ̀kan ṣoṣo bá rẹ̀, ó di dandan kí àrùn náà wà lẹ́yìn fiúùsì tàbí ní ẹnu rẹ̀, ní wáyà, ní gílóòbù tàbí ní ẹ́ẹ̀tì ti ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan; bí méjèèjì bá jọ rẹ̀, súìṣì, ríléè (súìṣì tí iná díẹ̀ ń tan kí ó lè gbé iná púpọ̀) tàbí bátìrì ni kí a kọ́kọ́ wò. Ríwáyà àkọ́kọ́ ti fẹ́ ta ríléè fún mi nígbà tí ọ̀tún ṣì ń mọ́lẹ̀ kedere.

Ohun tó fi wákàtí méjì ṣòfò ni wáyà tí ẹni àkọ́kọ́ fà láìbìkítà. Àwọn ará Jámánì tó ṣe ọkọ̀ yìí fún wáyà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, àwọn àwọ̀ náà sì jẹ́ èdè: búráùn ni ẹ́ẹ̀tì níbi gbogbo, pupa ni iná tó wá tààrà láti bátìrì, yẹ́lò ni dímù, funfun ni fúùlù, aláwọ̀ eérú ni páàkì, dúdú tó ní ìlà pupa ni bíréèkì, dúdú tó ní ìlà funfun ni tíráfíkétọ̀ òsì, dúdú tó ní ìlà àwọ̀ ewé sì ni ti ọ̀tún. Wọ́n tún kọ nọ́ńbà sí ẹnu ríléè àti súìṣì: 30 fún bátìrì, 15 fún èyí tí kọ́kọ́rọ́ ń tan, 31 fún ẹ́ẹ̀tì, 56a fún fúùlù, 56b fún dímù, 58 fún páàkì. Ẹni tó bá mọ èyí lè ka Ìjàpá bí ìwé. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn fi wáyà pupa ṣe ẹ́ẹ̀tì níbì kan, ó fi búráùn gbé iná níbòmíràn. Bàbá náà wò ó, ó ní, “Ẹni tó ṣe èyí ń bá ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ jà ni.” Ọ̀rọ̀ líle nìyẹn láti ẹnu rẹ̀, torí kì í bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ ní ìgbà mìíràn tí mo fi jókòó tì í.

Ó yọ gílóòbù 100 wáàtì, ó ní kí n lọ ra H4 60/55 ní Àrárọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó wà ní Agodi Gate, ó sì fi ríléè méjì kún un, ọ̀kan fún dímù, èkejì fún fúùlù, tí iná wọn ń ti ọ̀dọ̀ bátìrì bọ̀ nínú wáyà nípọnnípọn pẹ̀lú fiúùsì áńpù 15 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní. Súìṣì ara dáṣíbọ́ọ̀dù kò gbé ẹrù iná iwájú mọ́. Iṣẹ́ tó kù fún un ni kí ó máa pàṣẹ fún ríléè, èyí tí kò gbà ju díẹ̀ lára áńpù kan lọ. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, fólìtì tó ń dé gílóòbù òsì jẹ́ 11.9, ti ọ̀tún 11.9.

Nípa Àrárọ̀mí, ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ ra orí iná tokunbọ̀ níbẹ̀, ẹ bi wọ́n orílẹ̀-èdè tó ti wá. Èyí tó bá ti Ìlú Ọba wá, apá òsì ni dímù rẹ̀ gbé ojú sókè sí, nítorí òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà bọ́ sí ọ̀tún. Bí a bá gbé irú rẹ̀ sí ọkọ̀ wa, ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni yóò máa tàn sí, dímù tàbí kò sí dímù.

Irinṣẹ́ tí bàbá náà fi ń ṣe ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe mítà. Gílóòbù bíréèkì 21 wáàtì kan ni, tí ó fi lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé yíyọ́, lẹ wáyà méjì mọ́, ọ̀kan ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, èkejì ní ìdẹ̀ eléyín bí ẹnu ọ̀nì. Nítorí pé gílóòbù náà ń jẹ iná gan-an, kò ṣeé tàn jẹ: bí wáyà bá ti rẹ̀, òun náà á rẹ̀. Mo ra tẹ́sítà tó jọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́, ó wúlò, ṣùgbọ́n gílóòbù inú rẹ̀ kéré, kì í fi òtítọ́ hàn tó ti bàbá. Mítà kékeré aláwọ̀ yẹ́lò tó wà káàkiri ọjà náà tó fún iṣẹ́ yìí. Kò dìgbà tí a bá ra èyí tó wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí n kò gbà kí a fi tẹ́sítà 21 wáàtì yìí dán wò ni ọkọ̀ ìgbàlódé tó ní kọ̀ǹpútà nínú, bàbá náà fúnra rẹ̀ kì í sì í gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbé e dé, ó máa ń júwe ẹlòmíràn fún un.

Àwọn nǹkan kéékèèké mìíràn kò gba àkókò. Tíráfíkétọ̀ òsì ń ṣẹ́jú kánkán ju ti ọ̀tún lọ, nítorí ẹni àkọ́kọ́ fi gílóòbù 10 wáàtì sí ibi tó yẹ kí 21 wà, fíláṣà, ohun tó ń mú kí iná náà máa ṣẹ́jú, sì rò pé ọ̀kan ti jó. Pípààrọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó tún fi rọ́bà bo orí bátìrì lábẹ́ ìjókòó, láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe é. Ẹni tó bá ní Ìjàpá, tí ìbòrí bátìrì rẹ̀ ti sọnù bíi tèmi, kí ó tètè wá nǹkan ṣe sí i: bí ẹni tó sanra bá jókòó, sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì méjèèjì, nǹkan tí wọ́n fi tẹ́ inú ìjókòó àtijọ́ náà sì máa ń gba iná kíákíá.

Mo ti yìn ín tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló dá fún mi, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò. Bí òjò bá ti ṣú, iṣẹ́ parí fún ọjọ́ náà, nítorí igi dóńgóyárò kì í ṣe òrùlé. Kì í gbé fóònù. Ẹ ó lọ bá a níbẹ̀, ẹ ó sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo yẹn pẹ̀lú àwọn oníbàárà mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ti sọ ara wọn di ìgbìmọ̀, tí oníkálukú wọn sì ní ìmọ̀ràn lórí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò fún mi ní ìwé ẹ̀rí owó. Èyí tó dùn mí jù ni ti oríkèé wáyà: ibi tí a ti so wáyà tuntun mọ́ àtijọ́, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kàn lọ́ wọn pọ̀, wọ́n fi téèpù dúdú wé e. Oòrùn Ìbàdàn á yọ́ gọ́ọ̀mù téèpù náà láàrin oṣù díẹ̀, omi á wọlé, a ó tún máa wá 0.6 kiri. Mo sọ fún bàbá náà. Ó kọ́kọ́ ní téèpù ti ṣe é láti ọdún pípẹ́. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ bá mi fi lẹ́ẹ̀dì sí i, n ó san án.” Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ọmọ rẹ̀ àgbà, wọ́n tú oríkèé méje, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì lẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi rọ́bà tí a ń fi iná sun bò wọ́n. ₦7,000 ni ìyẹn mú wọ ìnáwó mi. Lójú mi, kò yẹ kó jẹ́ pé oníbàárà ló máa bèèrè rẹ̀.

Gbogbo owó tó gbà, pẹ̀lú ₦10,000 àyẹ̀wò, ríléè, wáyà, fiúùsì, iṣẹ́ ọwọ́ àti lẹ́ẹ̀dì yẹn, jẹ́ ₦75,000, láìka gílóòbù H4 tí mo rà fúnra mi. Ó wọ́n ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ tí a bá wo ọjọ́ kan. N kò rò pé ó wọ́n. Nínú máàkì mẹ́wàá, mo fún wíwá àrùn ní mẹ́wàá, mo fún àtúnṣe ní méje nítorí téèpù, mo fún àkókò ní mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ń fi inú rere ṣe é.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì ọjọ́ tí ó parí rẹ̀, ó ní kí n gbé ọkọ̀ náà dojú kọ ògiri ọgbà tó wà ní òdìkejì títì. Ó fi ẹfun fa ìlà sí ara ògiri náà ní ìwọ̀n gíga orí iná, ó fi síkúrúdíráfà yí ìṣó àtúnṣe wọn díẹ̀díẹ̀, títí dímù fi wálẹ̀ sábẹ́ ìlà náà ní ọgbọọgba. Mo fi tíráfíkétọ̀ ọ̀tún sí i, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ẹ̀yìn. Bíréèkì òsì dúdú lójú bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Iná kékeré tó yẹ kó máa tàn sí ojú mítà eré ni kò tíì tàn. Ó ní inú dáṣíbọ́ọ̀dù ni, òun kò ní fi òkùnkùn tú u. Ó dá Ọjọ́ Àbámẹ́ta fún mi. Mo ti ra gílóòbù kékeré méjì sínú àpò, mo sì ti kà á sí Àbámẹ́ta mẹ́ta.